Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi àti Epo Rẹ̀: Bí A Ti Í Tọ́jú Rẹ̀ Láìfi Ẹ̀mí Wewu

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́)

  

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn pé, kí ni ó pa ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú èdè àti ìṣe wa pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì àti epo bẹntiróòlù? Ìdáhùn mi kò gùn. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn baba wa ń ṣe tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní èèwọ̀, aláró ní èèwọ̀, ọdẹ àti apẹja pẹ̀lú ní tiwọn. Bí a bá yẹ púpọ̀ nínú àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí wò dáadáa, a ó rí i pé ọgbọ́n ni wọ́n, èyí tí àgbà fi ń dáàbò bo ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ ibi tí ewu wà. Ẹ́ńjìnnì dé sí ilẹ̀ wa, a gbà á, a sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ kò bá a dé ní èdè wa. Inú ìwé tí a fi èdè òkèèrè kọ ni ó kù sí, ìwé náà sì sábà máa ń sọnù kí ẹ́ńjìnnì tó pé ọdún kan létí omi. Èèwọ̀ wọ̀nyí ni mo fẹ́ kà fún yín lónìí ní èdè tí ọmọ iṣẹ́ lè gbọ́.

Ẹni tí ó bá ti Ṣómólú gba Bàrígà lọ títí dé àdúgbò Ìlàjẹ ní etí ọ̀sà, yóò rí bí ọ̀rọ̀ náà ti kan wa tó. Níwájú rẹ̀ ni Afárá Kẹta tí a parí ní ọdún 1990 nà gbọọrọ lórí omi. Lápá kan ni òkìtì yanrìn tí àwọn awayanrìn ń wà láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Lápá kejì ni ọkọ̀ àwọn apẹja àti ti àwọn akérò. Àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ti etíkun Òǹdó wá wà níbẹ̀. Àwọn Ègùn tí wọ́n ti ìhà Bàdágìrì àti orílẹ̀-èdè Benin wá kò jìnnà sí wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n ń bọ́ ọjà wa ní ẹja, àwọn ni wọ́n sì ń wa yanrìn tí a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ilé tí a ń gbé.

Ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ kì í ṣe ohun àtijọ́. Àwọn kan ti dán an wò ṣáájú, ṣùgbọ́n Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó ń gbé ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di ohun títà káàkiri láti ọdún 1909. Agbára ẹṣin kan àti ààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ìgbà náà ní. Ní ọdún 1960 ni ilé-iṣẹ́ Yamaha ti ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ jáde. Lónìí, orúkọ Yamaha kò ṣàjèjì sí atukọ̀ kankan ní ọ̀sà Èkó, ẹ́ńjìnnì tí ó ní agbára ẹṣin 40 tàbí 75 sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Agbára pọ̀ sí i, epo tí ó ń mu pọ̀ sí i, ewu náà sì pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìwà epo náà, nítorí ẹni tí kò mọ ìwà ọ̀tá rẹ̀ kò lè ṣọ́ra fún un. Ohun tí ń gbiná kì í ṣe omi bẹntiróòlù tí ojú rí, bí kò ṣe afẹ́fẹ́ tí ń ru jáde láti ara rẹ̀, tí ojú kò rí. Kẹrosíìnì ní láti móoru dé nǹkan bí ìwọ̀n 38 ti Celsius kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó tó ohun tí iná lè gbé. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ń tú tirẹ̀ jáde kódà nínú òtútù tí ó fi nǹkan bí ìwọ̀n 40 rẹlẹ̀ ju èyí tí omi fi ń di yìnyín. Èyí ni pé, nínú ooru Èkó, kò sí wákàtí kan lójúmọ́ tí bẹntiróòlù tí ó ṣí sílẹ̀ kò múra tán láti jó.

Èkejì, afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í fò lọ sókè bí èéfín. Ńṣe ni ó ń ṣàn bí omi, tí ó ń wá ibi tí ó rẹlẹ̀ láti sùn sí. Ọkọ̀ ojú omi sì rí bí igbá: ohun tí ó bá dà sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé. Epo ife kan tí ó dà sí ìdí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ lè máa dúró de ẹni tí yóò ṣá ìṣáná ní ọ̀sán. Bí afẹ́fẹ́ epo bá sì ti tó bí ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, iná tí ó ta párá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó láti mú kí gbogbo rẹ̀ bú gbàù.

Ẹ kò ní í ti gbàgbé ọdún 2006. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún náà ni epo inú páìpù tí a fọ́ gbiná ní Ìládò, ní etí omi Èkó níhìn-ín, tí ènìyàn tí ó ju 100 lọ sì kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá, níbi tí àwọn tí ó kú ti ju 200 lọ. Lóòótọ́, páìpù kì í ṣe táńkì ọkọ̀, ṣùgbọ́n epo kan náà ni, ìwà kan náà ni ó sì hù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé epo náà láti ibùgbé rẹ̀ dé ibi tí ó ti ń jó. Inú táńkì ni ó ti gbéra. Lórí ìdérí táńkì ni ìdè kékeré kan wà tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Bí atukọ̀ bá gbàgbé láti tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, epo kò ní lè jáde dáadáa, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú láàrin ọ̀sà. Bí ó bá sì gbàgbé láti dì í nígbà tí ó ń gbé táńkì káàkiri, afẹ́fẹ́ epo yóò máa tú jáde lójú ọ̀nà. Láti inú táńkì, epo gba inú họ́ọ̀sì dé bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Ọfà tí ó wà lára bọ́ọ̀lù náà gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Láti ibẹ̀ ó kọjá nínú asẹ́, níbi tí ìdọ̀tí àti omi ń kù sí. Lẹ́yìn asẹ́ ni pọ́ńpù kékeré tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń mì nínú rẹ̀, tí ń ti epo síwájú. Ìgbà náà ni ó tó dé kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń po pọ̀. Nínú kabúrétọ̀ ni ohun kan wà tí ń léfòó lórí epo, tí ń ti abẹ́rẹ́ sókè láti dí ẹnu ọ̀nà nígbà tí epo bá ti tó. Bí ìdọ̀tí kò bá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà dí ẹnu ọ̀nà, epo yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ sí abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, níbi tí irin gbígbóná àti iná púlọ́ọ̀gì wà. Nítorí náà, họ́ọ̀sì tí ó ti sán, ìso tí ó ti tú, àti abẹ́rẹ́ tí ó há, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni kí ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti máa wá ṣáájú ohun gbogbo.

Kí á tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà, èèwọ̀ mẹ́rin wà. Èkíní, a kì í ṣe é nínú ilé tàbí ní abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ kò ti wọlé. Gbangba ni ibi rẹ̀, kí ó sì jìnnà sí ààrò ẹlẹ́ja, sí ẹni tí ń jó irin pọ̀, sí ẹ̀rọ amúnáwá, àti sí ẹni tí ń mu sìgá. Èkejì, a kì í ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. A ó jẹ́ kí ó tutù. Ẹ̀kẹta, a kì í ṣe é nígbà tí iná lè ta: bí ọkọ̀ bá ní bátìrì, a ó tú okùn odì rẹ̀ kúrò ṣáájú, a ó yọ okùn ìpa-ẹ́ńjìnnì, a ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa okùn ìtanná títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹ̀kẹrin, a kì í bẹ̀rẹ̀ láìgbé ohun ìpaná sí ìtòsí.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro. Bí táńkì bá jẹ́ èyí tí a lè gbé, a ó tú u, a ó sì gbé e kúrò nínú ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀. A ó fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: èyí tí ó bá ti le gbagidi, tí ó rọ̀ jù, tàbí tí ó sán, kí a má ṣe fi ọ̀já rọ́bà wé e, kí a pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì tí a ṣe fún epo, kì í ṣe èyí tí a ṣe fún omi. A ó wo asẹ́. Omi wúwo ju bẹntiróòlù, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò wà. A ó dà á nù sínú agolo, a ó fọ asẹ́ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. A ó tú ìdè ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, a ó sì gbe agolo sí abẹ́ rẹ̀ kí epo inú rẹ̀ má ba à ṣàn sínú ọkọ̀. Àwọn ihò kéékèèké inú kabúrétọ̀, afẹ́fẹ́ pọ́ńpù ni a fi ń fẹ́ wọn mọ́. Ẹni tí ó bá fi wáyà gún wọn yóò mú kí wọ́n fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì di ọ̀mu-epo láti ọjọ́ náà lọ. Awọ inú pọ́ńpù tí ó bá ti ya, tuntun ni kí a fi sí i.

Nígbà tí a bá tò ó pọ̀ tán, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára fa okùn. A ó so họ́ọ̀sì padà, a ó tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà títí yóò fi le; a ó dúró, a ó sì wò ó fínnífínní. Bí bọ́ọ̀lù bá tún rọ̀ láìpẹ́, tàbí tí epo ń kán níbìkan, iṣẹ́ kò tíì parí. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, a ó nu ohun tí ó dà sílẹ̀, a ó gbé àkísà tí ó mu epo jìnnà síta, a ó sì fi ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ṣíṣí títí òórùn epo yóò fi lọ pátápátá. Ìgbà náà ni kí á tó so bátìrì, kí á sì tanná nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bá wà nínú omi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ní ti rírọ epo, ilẹ̀ ni kí a gbé táńkì tàbí kẹ́ẹ̀gì sí nígbà tí a bá ń rọ ọ́, kí ẹnu ọ̀pá epo sì fara kan ẹnu rẹ̀. Nítorí pé epo tí ń ṣàn a máa dá iná mànàmáná kékeré sílẹ̀, èyí tí ó lè ta párá. Kí a má rọ ọ́ kún dé ẹnu; kí a fi bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀, nítorí oòrùn a máa mú kí epo wú. Ẹ́ńjìnnì tí a ń po epo àti ọ́ìlì fún, ìwé ẹni tí ó ṣe é ni kí a tẹ̀lé: bí ó bá ní 50 sí 1, lítà 25 bẹntiróòlù gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, inú ẹ́ńjìnnì yóò gbóná títí yóò fi há. Bí ó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì yóò dọ̀tí, ọkọ̀ yóò sì máa kú lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á máa fi asẹ́ sí ẹnu àrọ nígbà tí a bá ń da epo, nítorí kì í ṣe gbogbo epo ni ó mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí, a sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Methanol a máa fa omi mọ́ra, a sì máa ba àwọn ohun rọ́bà kan jẹ́. Ẹni tí ó ń yẹ asẹ́ àti họ́ọ̀sì rẹ̀ wò déédéé ni yóò tètè mọ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ni a ń ṣe é: fífi ẹnu fa bẹntiróòlù láti inú kẹ́ẹ̀gì. Epo díẹ̀ tí ó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì gbé e mì, kí a má ṣe fún un ní epo pupa tàbí wàrà kí ó lè bì. Bí ó bá ń bì, epo náà lè tún gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá. Pọ́ńpù ọlọ́wọ́ tí a fi ń fa epo kò wọ́n tó iye tí a ó ná níbẹ̀.

Bí iná bá sì ṣẹ́ ńkọ́? Kí a má ṣe da omi lé e. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi, yóò léfòó lórí rẹ̀, yóò sì gbé iná rìn lọ sí ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ ìpaná onílẹ́búlẹ́bú tàbí onífọ́ọ̀mù ni ó yẹ ẹ́, ìdí iná ni a sì ń kọjú rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá ní i, yanrìn wà. Ẹ̀yin ará, ní Bàrígà tí yanrìn ti ń di òkìtì, kò yẹ kí a rí ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì kan tí kò ní garawa yanrìn méjì ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá gbiná, kí ó má sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó yí nílẹ̀. Omi mímọ́ tí ń ṣàn ni kí a dà sí ojú iná fún bí 20 ìṣẹ́jú. Kí a má fi ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí epo kankan pa á. Nọ́ńbà 767 àti 112 ni a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ní Èkó, ilé ìwòsàn gbogboogbò Gbágádà kò sì jìnnà sí wa.

Ẹ̀yin Olóyè, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín ni mo dé báyìí. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, owó bẹntiróòlù ti fò sókè, ẹni tí ó bá sì rí díẹ̀ a fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn. Ilé tí a fi pákó kọ́, tí ó fara ti ara wọn, ni ọ̀pọ̀ ará etí omi ń gbé. Àwọn àgbà ní, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Atukọ̀ kan ṣoṣo kò lè tún èyí ṣe. Ọ̀rọ̀ ìlú ni.

Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá àwọn baálẹ̀ àti olórí àwọn atukọ̀ sọ̀rọ̀, kí a wá àyè kan ní èbúté, tí ó jìnnà sí ilé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí a ó máa kó epo sí tí a ó sì máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe níbẹ̀. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gbà pé ọmọ iṣẹ́ tí kò bá lè ka àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí lórí kò tíì tó gba òmìnira. Èkejì rèé: Ṣómólú ni ìlú àwọn atẹ̀wé, ní òpópónà wa ni a ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú fún gbogbo Èkó. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí tẹ ìwé pelebe kan ṣoṣo, ní Yorùbá tí ó yéni àti ní èdè Ègùn, kí a to àwọn èèwọ̀ náà sí i pẹ̀lú àwòrán, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní etí ọ̀sà. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a rà ní ọdún kan.

Àwọn kan ń sọ pé èdè wa kò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí láti ẹnu táńkì dé ẹnu kabúrétọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni adájọ́. Ṣùgbọ́n bí èdè bá lè sọ ọ́, tí àwa tí a mọ̀wé kò sì sọ ọ́ fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú epo, ẹ̀bi kì í ṣe ti èdè mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí Ọlọ́run ó má ṣe jẹ́ kí iná jó wa, kí omi má sì gbé wa lọ. Kí ọkọ̀ tí ó lọ ó máa bọ̀ láyọ̀.